Òkúta, láìmù àti pupa ẹyin: bí ọmọdé ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọnà Róòmù àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé iṣẹ́ àṣetiléwá lórí Róòmù bọ̀ wá sílé, nítorí pé ìjọba Róòmù àti ohun tó ṣe ní Bìrìtéènì wà lára ẹ̀kọ́ ìtàn tí àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11 ń kọ́ níbẹ̀. Ohun tí òbí máa ń bá nínú ìwé náà ni àwòrán: ilẹ̀ ilé tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ya ẹja sí, ògiri tó pọ́n, ère funfun tí apá rẹ̀ ti gé. Wọ́n á ní kí ọmọ ṣe mòsáíkì wá, ìyẹn àwòrán tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ tò. Òbí á gé páálí, ọmọ á lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ohun tí ọmọ náà kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni bí a ṣe ń lẹ bébà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú nìyí. Nínú iṣẹ́ ọnà Róòmù, ohun èlò ló máa ń sọ bí àwòrán yóò ṣe rí. Òkúta kì í tẹ̀, nítorí náà ìlà inú mòsáíkì ní bí ó ṣe gbọ́dọ̀ rìn. Láìmù, ìyẹn ẹfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe láti fi rẹ́ ògiri, kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tó ń kun ògiri gbọ́dọ̀ yára. Tí iṣẹ́ tí ẹ gbé fún ọmọ kò bá jẹ́ kí ìṣòro wọ̀nyí kan án lọ́wọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló dé Róòmù. Àlàyé tó wà nísàlẹ̀ wà fún òbí àti olùkọ́ tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà, tí wọ́n sì fẹ́ kí ọwọ́ ọmọ náà débẹ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan amọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé "Róòmù" tí à ń sọ ju ìlú kan lọ. Nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ jù, lábẹ́ olú ọba Trajan tó kú ní ọdún 117, ó bẹ̀rẹ̀ láti Bìrìtéènì, ó gba Ítálì kọjá dé Íjíbítì àti gbogbo etí òkun àríwá Áfíríkà. Ìdí nìyí tí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mòsáíkì Róòmù pọ̀ sí jù láyé lónìí fi jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù Bardo ní ìlú Tunis, lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ti ògiri kíkùn, ìlú Pompeii àti Herculaneum ní Ítálì ni a ti rí èyí tó pọ̀ jù, nítorí pé òkè Vesuvius bú gbàmù ní ọdún 79, ó sì bo àwọn ìlú náà mọ́lẹ̀. Eérú tó pa àwọn ènìyàn ibẹ̀ náà ló pa àwọ̀ ògiri wọn mọ́.

Mòsáíkì bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀

Ohun tí ojú ń rí lórí mòsáíkì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù tó kọ ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 30 sí 20 ṣáájú ìbí Jésù, to ìpele ilẹ̀ ilé lẹ́sẹẹsẹ. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ òkúta tí ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kéré ju ìkúùkù lọ. Ìpele kejì jẹ́ òkúta fífọ́ tí wọ́n pò mọ́ láìmù, ìwọ̀n mẹ́ta òkúta sí ọ̀kan láìmù, tí àwọn òṣìṣẹ́ á máa fi igi gún títí yóò fi ki. Kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 lọ. Ìpele kẹta jẹ́ àpáàdì lílọ̀ pẹ̀lú láìmù, mẹ́ta sí ọ̀kan bákan náà, tó nípọn tó ìka mẹ́fà, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11. Àpáàdì yìí ni kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé. Orí rẹ̀ ni wọ́n tó wá to òkúta aláwọ̀ sí.

Ọmọ lè ṣe gbogbo èyí nínú ife ike kan tó mọ́ gaara, ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ da òkúta tó tó ẹ̀kùrọ́ sí ìsàlẹ̀ ife, kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ pò ṣíbí yangí mẹ́fà mọ́ ṣíbí méjì POP, ìyẹ̀fun funfun tó máa ń dì bí a bá fi omi pò ó, ẹ fi omi díẹ̀ rin ín, ẹ dà á lé e, kí ọmọ sì fi ìdí igi kan gún un dáadáa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àpáàdì tí ẹ ti lọ̀. Ìkòkò òdòdó tó fọ́ dára gan-an fún èyí. Kí ó tó gbẹ, ẹ da POP tútù tó nípọn tó ìbú ìka kan sórí rẹ̀, kí ọmọ to òkúta mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú rẹ̀. Ẹ ṣe ife kejì pẹ̀lú yanrìn gbígbẹ nìkan àti POP fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ní kí ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ méjèèjì kíkankíkan. Èyí tó wà lórí yanrìn á sán, òkúta rẹ̀ á rì. Kò tún ní bi yín léèrè ìdí tí àwọn ará Róòmù fi ń walẹ̀ jìn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ tó bá ti dé Ilé-Ifẹ̀ lè béèrè nípa ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi àpáàdì tẹ́ níbẹ̀, tí àpáàdì dúró ní ẹ̀gbẹ́, tí ìlà rẹ̀ sì ń lọ bí eegun ẹja. Àwọn ará Róòmù náà máa ń to bíríkì kéékèèké ní irú ìlà eegun ẹja bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní opus spicatum. Ẹ má sọ fún un pé ọ̀kan kọ́ ọ lára èkejì o. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ohun pẹlẹbẹ tí a bá gbé dúró ní ẹ̀gbẹ́ máa ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ju èyí tí a dùbúlẹ̀ lọ.

Títo òkúta

Fún ìgbà àkọ́kọ́, pákó pílíwúùdù tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú àti lóòró ti tó. Páálí máa ń ká nígbà tí gọ́ọ̀mù bá fi omi rin ín. Tí páálí nìkan bá wà, ẹ lẹ méjì pọ̀ kí ìlà inú wọn kọjá ara wọn, kí ẹ sì kun gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn àti iwájú kí wọ́n gbẹ tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹyọ táìlì kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, tí ẹ sì fi àyè mìlímítà kan àbọ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, nǹkan bí ẹyọ 300 ni yóò kún pákó náà. Ẹ kà wọ́n kalẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àìtó òkúta ní àárín iṣẹ́ ló ń ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọmọdé jẹ́, nítorí pé àwọ̀ tí wọ́n bá tún lọ rà kì í bá ti tẹ́lẹ̀ mu.

Àgbàlagbà ni kí ó fọ́ táìlì. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, ẹ fi òòlù lù ú, ẹ wọ awò tó bo ojú. Tí ẹ bá rí ẹ̀mú tí àwọn tó ń tẹ́ táìlì fi ń gé e, ó sàn ju òòlù lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ha etí ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ sáńpépà kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, ẹ lo èèpo ẹyin. Ẹ sè é, ẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi aláwọ̀. Tí ọmọ bá gbé èèpo ńlá kan lé gọ́ọ̀mù tó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí ibi tó wà, àyè á sì yọ láàárín wọn fúnra rẹ̀. Amọ̀ tí a gé sí ègé kéékèèké tí a sì sá sínú oòrùn náà dára, àmọ́ ẹ rántí pé amọ̀ tí iná kò jó yóò yọ́ bí sìmẹ́ńtì tútù bá kàn án. Irú mòsáíkì bẹ́ẹ̀, ẹ fi àyè àárín rẹ̀ sílẹ̀ láìdí.

Nísinsìnyí, àwòrán. Ẹ yan ẹja tàbí ẹyẹ kan ṣoṣo, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, àwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí ọmọ fi kálàmù tí ẹnu rẹ̀ nípọn yà á sórí pákó, nítorí pé ohunkóhun tó bá tín-ín-rín ju ẹyọ òkúta kan lọ kò lè sí nínú àwòrán náà. Ọmọ tó ya ìpẹ́ ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan yóò rí i fúnra rẹ̀ pé òkúta kò gbà. Bí a bá fẹ́ kí ó gbà, òkúta ló gbọ́dọ̀ kéré sí i. Mòsáíkì Alẹkisáńdà, àwòrán ogun ọba Alẹkisáńdà Ńlá tí ẹṣin wà nínú rẹ̀, tí wọ́n wú jáde ní Pompeii ní ọdún 1831, ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún èyí. Ó fẹ̀ ní mítà 5.13, ó ga ní mítà 2.72, wọ́n sì fojú bù ú pé nǹkan bí òkúta 1,500,000 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ gé ihò tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóòró sára bébà kan. Nínú irú ihò bẹ́ẹ̀ lórí mòsáíkì náà, nǹkan bí òkúta mẹ́wàá ni yóò wà. Ẹ gbé bébà yín lé iṣẹ́ ọmọ: ẹyọ kan ni yóò rí. Ó ti yé e ìdí tí ojú ẹṣin fi lè mọ́lẹ̀ nínú èkíní. Irú iṣẹ́ wẹ́wẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní opus vermiculatum, orúkọ tó wá láti ara kòkòrò bí ìdin, nítorí pé ìlà òkúta náà ń yí bí ìgbà tí ìdin ń rìn. Èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó wọ́pọ̀ lórí ilẹ̀ ilé, ni opus tessellatum.

Bí a ṣe ń tò ó tẹ̀ léra wọn ni àṣírí iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni a ti ń ṣìnà jù. Ọmọ máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti igun pákó, kí ó máa kún un lọ bí ẹni tó ń kún ìwé. Nígbà tí ó bá dé ara ẹja, àyè tó kù á rí págunpàgun, kò sì sí òkúta tó lè wọ̀ ọ́. Àwọn oníṣẹ́ Róòmù máa ń ti ara àwòrán bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ to ìlà etí ẹja pẹ̀lú àwọ̀ dúdú, kí ó tẹ̀ lé ọ̀nà tí ara ẹja gbà yí. Kí ó wá kún inú ẹja náà. Lẹ́yìn èyí, kí ó to ìlà òkúta funfun kan yí ẹja ká níta, kí ìlà náà tẹ̀ bí ara ẹja ṣe tẹ̀, kí ó sì tún to ìlà funfun kejì yí èkíní ká. Ìgbà náà ni kí ó tó fi funfun tó kù kún ẹ̀yìn àwòrán ní ìlà gbọọrọ. Ìlà funfun méjì yẹn ló ń jẹ́ kí ẹja dá dúró, kí ó dà bíi pé omi yí i ká. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ìlà gbọọrọ á já lu ẹ̀yìn ẹja ní igun-igun, àwòrán náà á sì wúwo lójú. Ọmọ lè dán ọ̀nà méjèèjì wò láìlo gọ́ọ̀mù, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Fún lílẹ̀, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ti tó nínú ilé. Ẹ kùn ún sí ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ojú rẹ̀ á ti dì, òkúta kò sì ní mú mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí 24. Ẹ wá po sìmẹ́ńtì funfun, ìwọ̀n mẹ́ta sí omi ìwọ̀n kan, kí omi máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ki bí ọṣẹ ìfọyín. Sìmẹ́ńtì máa ń jẹ ara, nítorí náà ìbọ̀wọ́ rọ́bà pọn dandan, àgbà ni kí ó sì pò ó. Ẹ fi ègé páálí fà á sínú àyè àárín òkúta láti ọ̀nà gbogbo, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ tó fi fóòmù tí ẹ ti fún omi inú rẹ̀ dànù nu orí rẹ̀. Fóòmù tí omi ń ro lára rẹ̀ á fa sìmẹ́ńtì jáde láti àárín òkúta. Ẹ tètè nù ún jù, ohun kan náà á ṣẹlẹ̀. Ẹ pẹ́ jù, á gan mọ́ orí òkúta, kò sì ní kúrò. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó di ọjọ́ kejì kí ó má baà sán. Gọ́ọ̀mù yìí máa ń rọ̀ nínú omi, nítorí náà ẹ má gbé iṣẹ́ náà síta nínú òjò.

Ògiri tó ń gba àwọ̀ mì

Ọ̀rọ̀ frẹ́sìkò ló ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Ohun tí ó túmọ̀ sí ní èdè Ítálì ni "tútù, tuntun", ògiri tútù ni a sì ń sọ. Láìmù tí a ti ń dárúkọ láti òkè wá yìí, òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á sun òkúta náà nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì á jáde lára rẹ̀. Tí wọ́n bá bu omi sí ohun tó kù, á hó yaya, á sì di ẹrẹ̀ funfun. Wọ́n á pò ó mọ́ yanrìn, wọ́n á rẹ́ ẹ mọ́ ògiri. Bí ó ṣe ń gbẹ lọ́jọ́ dé ọjọ́, ó ń gba afẹ́fẹ́ yẹn padà láti inú afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, ó sì ń padà di òkúta. Àwọ̀ tí a fi omi lásán pò, tí a kùn ún nígbà tí ògiri ṣì tutù, á há sínú òkúta náà. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí òróró. Ìdí nìyí tí pupa Pompeii fi wà títí dòní.

Láìmù tútù lè jó ojú àti awọ ọmọ, nítorí náà POP ni kí ẹ lò fún wọn. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn nípa rẹ̀: POP máa ń dì nítorí pé ó ń gba omi mọ́ra, kò nílò afẹ́fẹ́, kò sì ní di àwọ̀ mú bíi láìmù. Ohun tí ó jọ ti Róòmù nínú rẹ̀ ni ìkánjú náà.

Fún àwo tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ẹ lo omi ife kan àbọ̀ àti POP ife mẹ́ta. POP ni a ń bù sínú omi. Tí a bá da omi lé POP, kókó á kún inú rẹ̀. Ẹ bù ú díẹ̀díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ó mu omi, ẹ wá rò ó jẹ́jẹ́. Ríro púpọ̀ jù, omi gbígbóná, tàbí POP àná tó kù sára ike máa ń mú kí ó tètè dì kí ẹ tó dà á tán. Ẹ wọ ìbòmú nígbà tí ẹ bá ń bu ìyẹ̀fun rẹ̀. Ẹ má da àṣẹ́kù rẹ̀ sínú ihò omi, á di òkúta síbẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ọmọ kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti fi ṣe àwòkọ ọwọ́, nítorí pé bí ó ṣe ń dì ni ó ń gbóná. Ní ọdún 2007, ọmọ ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ọ̀pọ̀ nínú ìka rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ wá láti ilẹ̀. Ohun tó mú ilẹ̀ pupa tiwa pọ́n, ìyẹn ìpẹtà irin, òun náà ló mú ọ̀pọ̀ nínú pupa àti rúsúrúsú àwọn ògiri Róòmù rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ilẹ̀ pupa sínú omi púpọ̀, ẹ rò ó, ẹ kà tó ogún, kí ẹ sì da omi pupa orí rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn; yanrìn á kù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí omi pupa náà tòrò di ọjọ́ kejì, ẹ da omi kúrò, ẹ sá ẹrẹ̀ tó kù, ẹ lọ̀ ọ́. Èédú lílọ̀ ni dúdú. Búlúù ni kò rọrùn: ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù kò wọ́pọ̀, nítorí náà àwọn ará Róòmù ń lo búlúù Íjíbítì, tí wọ́n ń fi bàbà, yanrìn àti láìmù sun nínú iná; ti ọmọ, ẹ ra ìyẹ̀fun àwọ̀ lọ́jà. Pupa kan tún wà tó wọ́n gan-an, sínábárì, tí mákúrì wà nínú rẹ̀. Májèlé ni, ẹ má wá a. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ dùn fún ọmọ: Vitruvius sọ nípa akọ̀wé kan, Faberius, tó fi sínábárì kun àgbàlá ilé rẹ̀ kí ó lè gbayì, tí oòrùn sì sọ ọ́ di ìdàkudà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Nígbà tí dídán orí POP bá ti lọ, tí ìka kò sì rì sínú rẹ̀ mọ́, àkókò ti tó. Kí ọmọ méjì di òwú mú kó le, kí ẹnì kan fà á sókè kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ó gbá orí POP náà. Ìlà títọ́ tó máa fi sílẹ̀ ni àwọn ará Róòmù náà ń lò, a ṣì ń rí ipa òwú lára àwọn ògiri kan. Kí wọ́n wá kùn ún láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní Pompeii, ilé kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ilé Àwọn Ayàwòrán Tó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà tí òkè náà bú. Òkè ògiri ti parí, àárín ṣì kù, ìkòkò àwọ̀ sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Òkè ni wọ́n ń kọ́kọ́ parí kí àwọ̀ má baà kán sórí iṣẹ́ tó ti pé.

Tí búrọ́ọ̀ṣì bá ń wú POP dìde, ó ṣì tutù jù. Tí àwọ̀ bá ń dúró lórí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó ti pẹ́. Ẹ kun ìdajì lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi ìdajì sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá gbẹ tán, kí ẹ wá fi òwú tútù ra méjèèjì. Ìyàtọ̀ náà kò ní tó ti láìmù, ṣùgbọ́n ọmọ á rí i lórí òwú.

Ère kò funfun

Pé ère Róòmù funfun ni àṣìṣe tó ti wọ inú ìwé ọmọdé jù. Àwọn ará Róòmù máa ń kun ère òkúta máábù wọn: ètè, irun, aṣọ, ojú. Ère olú ọba Augustus tí wọ́n rí ní Prima Porta lẹ́bàá Róòmù ní ọdún 1863, tó wà ní Vatican nísinsìnyí, ní ipa pupa àti búlúù lára. Ilẹ̀ ló jẹ àwọ̀ ọ̀pọ̀ ère, fífọ̀ sì kó ìyókù lọ. Àwọn tó ń gbẹ́ ère òkúta ní Ítálì tó wá lẹ́yìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá ń gbẹ́ tiwọn ní funfun bí wọ́n ṣe bá a. Ẹ fi ojú ère han ọmọ: títí di ìgbà Hadrian, tó jọba láti 117 sí 138, ẹyinjú ère òkúta máa ń dán láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ ni wọ́n fi ń ya dúdú ojú sí i. Àwọ̀ lọ, ère sì wá dà bí afọ́jú.

Kí ọmọ mọ orí ènìyàn kékeré, gíga sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, kí ó fi amọ̀ bo bébà tí a ká roboto. Amọ̀ tó ki dé inú máa ń sán, torí ìta rẹ̀ ń gbẹ ṣáájú inú. Ẹ ní kí ó mọ ojú àgbàlagbà, pẹ̀lú ìwúnjọ iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn. Ní àkókò tí Róòmù kò tíì ní olú ọba, irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn pàtàkì ń fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ fún wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ojú àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n fi ìda ṣe sínú ilé, tí wọ́n ń gbé jáde nígbà ìsìnkú.

Tí ó bá gbẹ, ẹ fi pupa ẹyin kùn ún. Ẹ ya pupa sọ́tọ̀ lára funfun, ẹ fi ìka méjì mú awọ rẹ̀, ẹ lu ú kí ó ṣàn jáde, ẹ ju awọ nù. Ṣíbí ìmutíì kan omi sí pupa ẹyin kan. Ẹ pò ó mọ́ àwọ̀ lílọ̀ ní ìwọ̀n kan sí ọ̀kan. Ó máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìlà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni kí ọmọ máa fà. Bó bá tún padà ra ibi kan náà, ti ìsàlẹ̀ á ká. Ẹ da àṣẹ́kù nù lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n fọwọ́, ẹ sì béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá ẹyin kò bá ọmọ kankan lára mu.

Irú àwọ̀ tí a fi ohun bí ẹyin pò báyìí ni wọ́n fi ya àwòrán pákó kan tó wà ní Berlin, roboto, tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Olú ọba Septimius Severus ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Julia Domna àti ọmọkùnrin wọn méjì. Leptis Magna ní Líbíyà ni wọ́n ti bí Severus, ìlú York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì kú sí ní ọdún 211. Ojú ọmọ kan nínú àwòrán náà ti di fífọ́ dànù: Geta, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Caracalla mú kí wọ́n pa, tó sì ní kí wọ́n pa orúkọ àti àwòrán rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ojú ènìyàn á lóye ohun tí ìparẹ́ yẹn jẹ́.

Owó onírin, ní ṣókí

Ẹ gé ọṣẹ ìfọṣọ sí méjì, kí ọmọ fi ìṣó gbẹ́ orí ènìyàn àti lẹ́tà sí ọ̀kan, àwòrán ẹyẹ sí èkejì. Kí ó fi òróró díẹ̀ pa wọ́n lójú, kí ó fi amọ̀ tó tó ẹyin ẹyẹlé sí àárín, kí ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà á jáde ní òdì. Ẹ má kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rí i, kí ó gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tó ń wo dígí. Gbogbo ẹni tó gbẹ́ irin tí wọ́n fi lu owó Julius Caesar ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, owó tó gbé orí alààyè jáde ní Róòmù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní láti máa ronú ní òdì bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n lọ wo ti gidi

Ẹ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ṣáájú, kí ẹ tó mú wọn lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin tó wà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààfin Róòmù ní Fishbourne, ní Sussex, ní ilẹ̀ mòsáíkì tí ọmọ kékeré kan gun ẹja dọ́fìnnì lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè débẹ̀, ẹ wá àwòrán rẹ̀ tó tóbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún ọmọ ní bébà tó ní ihò sẹ̀ǹtímítà kan tí ẹ gé lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbé e síwájú ojú, kí ó sì wá ìlà funfun tó yí ẹja náà ká: ṣé ẹyọ kan ni, àbí méjì? Níbo ló ti já? Kí ló dé tí òkúta ibẹ̀ fi kéré ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ? Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ dáhùn.